Bill Gore, ọkùnrin tó fi àwọ̀n rọ́pò àkàbà nínú ilé iṣẹ́

Ìtàn tí a mú wá fún yín lónìí, ìtàn ìgbésí ayé ọkùnrin kan ni. Ọ̀pọ̀ yín lè má mọ orúkọ rẹ̀, àmọ́ ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ ti fojú rí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Bẹ́ ẹ bá ti rí ẹ̀wù òjò tàbí bàtà tí wọ́n kọ Gore-Tex sí lára, ilé iṣẹ́ rẹ̀ ni aṣọ yẹn ti wá. Ṣùgbọ́n kì í ṣe tìtorí ẹ̀wù òjò la ṣe fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Bó ṣe to àwọn èèyàn tó bá a ṣiṣẹ́ ló wù wá láti sọ.

Gbogbo wa la mọ bí ilé iṣẹ́ ṣe máa ń rí. Ọ̀gá pátápátá wà lókè, ọ̀gá kékeré wà lábẹ́ rẹ̀, ẹni tí à ń pè ní chef de service wà lábẹ́ ìyẹn, òṣìṣẹ́ lásán wá wà nísàlẹ̀. Bí òṣìṣẹ́ kan bá fẹ́ béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ẹ̀ka tó wà lẹ́yìn ògiri, ó di kó kọ́kọ́ gòkè lọ bá chef tiẹ̀. Chef á lọ bá ọ̀gá, ọ̀gá á ránṣẹ́ sí chef ọ̀hún, kí ọ̀rọ̀ tó wá sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Àkàbà nìyẹn. Bill Gore gun àkàbà yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gùn ún mọ́ nínú ilé tiẹ̀.

Ọmọ tó fẹ́ràn òkè

Wilbert Lee Gore lorúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́, ṣùgbọ́n Bill ni gbogbo ayé ń pè é. Wọ́n bí i ní January 25, 1912, ní Meridian, ìlú kékeré kan ní ìpínlẹ̀ Idaho, ní ìwọ̀ oòrùn Amẹ́ríkà. Láti kékeré ló ti fẹ́ràn kó máa fi ẹsẹ̀ rìn lórí àwọn òkè Wasatch ní ìpínlẹ̀ Utah. Orí àwọn òkè yẹn, níbi àpéjọ àwọn ọ̀dọ́ ìjọ kan, ló ti pàdé Genevieve Walton, tí wọ́n ń pè ní Vieve. Wọ́n ṣègbéyàwó ní January 1, 1935.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí ìgbéyàwó yìí, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Tọkọtaya náà fẹnu kò pé àjọṣe ni ilé àwọn máa jẹ́. Bill á se oúnjẹ àárọ̀, Vieve á se tọ̀sán. Lónìí ẹnì kan lè rẹ́rìn-ín, pé kí ni ìyẹn já mọ́. Ṣùgbọ́n ní 1935, ọkùnrin tó ń dáná lóòjọ́ fún ìyàwó rẹ̀ ò wọ́pọ̀, ní Amẹ́ríkà bí níhìn-ín. Ohun tó wá ṣe nílé iṣẹ́ lẹ́yìn ọdún mẹ́tàlélógún, ilé ló ti kọ́kọ́ gbìyànjú ẹ̀ wò.

Bill kàwé dáadáa. Ní yunifásítì ìpínlẹ̀ Utah, ó gba oyè àkọ́kọ́ nínú iṣẹ́ ẹnjiníà kẹ́míkà ní 1933, ó sì gba èkejì nínú kẹ́mísírì ní 1935. Ó ṣiṣẹ́ káàkiri díẹ̀, kó tó di pé ó wọ DuPont ní 1945, ilé iṣẹ́ kẹ́míkà ńlá kan ní ìpínlẹ̀ Delaware.

Ohun tó rí nínú mọ́tò

Ní DuPont, wọ́n fi Bill sínú ẹgbẹ́ kékeré kan tó ń wá ohun tí wọ́n lè fi ike tuntun kan ṣe. Ike funfun tó ń yọ̀ ni. Ooru kì í tètè mú un, omi kì í wọ inú ẹ̀, iná mànàmáná kì í sì í gba inú ẹ̀ kọjá. PTFE lorúkọ rẹ̀, orúkọ tí wọ́n fi ń tà á sì ni Teflon. Òun náà ló wà nínú páànù tí ẹyin kì í lẹ̀ mọ́.

Inú ẹgbẹ́ kékeré yẹn ni ojú Bill ti là. Àwọn tó wà níbẹ̀ ti oríṣiríṣi ẹ̀ka wá. Kò sẹ́ni tó ń béèrè pé ta ló ju ta lọ. Ẹni tó bá mọ nǹkan á sọ ọ́, ẹni tí ò mọ̀ á béèrè, iṣẹ́ á sì yá. Àmọ́ bí wọ́n bá ti parí iṣẹ́ náà, olúkúlùkù á padà sí ẹ̀ka rẹ̀, àkàbà á tún padà sí àyè rẹ̀, gbogbo ẹnu á pa dé.

Ó tún kíyè sí nǹkan míì. Àwọn òṣìṣẹ́ tó jọ ń wọ mọ́tò kan lọ síbi iṣẹ́, inú mọ́tò yẹn ni wọ́n ti máa ń sọ òótọ́ ọ̀rọ̀. Ọ̀gá wà ńbẹ̀, ọmọ iṣẹ́ wà ńbẹ̀, wọ́n jọ jókòó sórí àga kan náà, ọ̀rọ̀ á máa ṣàn. Bí wọ́n bá ti wọ ọgbà ilé iṣẹ́, ó tán. Bill wá rò ó pé ilé iṣẹ́ gbogbo ló ní àwọ̀n kan tó fara pa mọ́ sábẹ́ àkàbà rẹ̀: ẹni tó mọ ẹni, ẹni tó lè ran ẹni lọ́wọ́, tí wọn ò ní gba ọ̀dọ̀ ọ̀gá kọjá. Lójú tiẹ̀, àwọ̀n yẹn ló ń ṣiṣẹ́ gan-an. Ìbéèrè tó wà lọ́kàn ẹ̀ ni pé, ṣé èèyàn lè yọ àkàbà náà kúrò kó sì fi àwọ̀n nìkan sílẹ̀?

Òru ọjọ́ tí wáyà mú

Ní ọdún 1957, Bill ń dá iṣẹ́ kan ṣe nísàlẹ̀ ilé rẹ̀ ní ìlú Newark, ní Delaware. Kọ̀ǹpútà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde nígbà náà. Ó fẹ́ to wáyà tín-ín-tín-ín sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bíi ríbọ́ọ̀nù, kó sì fi PTFE bò wọ́n. Kò ṣeé ṣe. Ó gbìyànjú títí, ike náà ò mú.

Lálẹ́ ọjọ́ kan, ọmọ rẹ̀ Bob, tó ń kọ́ ẹnjiníà kẹ́míkà ní yunifásítì, sọ̀ kalẹ̀ wá wo bàbá rẹ̀. Ó rí téèpù kan nílẹ̀ tí wọ́n fi PTFE ṣe, ó sì béèrè ìdí tí bàbá ò fi kúkú fi téèpù yẹn ká wáyà náà mọ́ra lókè àti nísàlẹ̀. Bàbá ṣàlàyé fún un pé gbogbo onímọ̀ ló mọ̀ pé PTFE ò lè lẹ̀ mọ́ PTFE. Bob lọ sùn. Bill ò sùn ní tiẹ̀. Ó jókòó ti ọ̀rọ̀ ọmọ yẹn, ó dán an wò, nígbà tí ilẹ̀ fẹ́ mọ́, ó lọ jí Bob pẹ̀lú wáyà lọ́wọ́. Ó ti mú! Àwọn àgbà wa kúkú ti wí pé ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀.

Bill gbé wáyà náà lọ fún àwọn ọ̀gá rẹ̀ ní DuPont. Fún bí oṣù mẹ́rin ló fi ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n ṣe é. Wọ́n ní rárá, ike ni iṣẹ́ tàwọn, kì í ṣe ohun tí wọ́n ń fi ike ṣe. Kí ni Bill wá fẹ́ ṣe? Ó ti pé ọmọ ọdún márùndínláàádọ́ta. Ọmọ márùn-ún ló bí. Iṣẹ́ tó ní lọ́wọ́ jẹ́ iṣẹ́ tí owó ẹ̀ ń wọlé lóṣooṣù. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní kó má dán an wò. Ní January 1, 1958, ọjọ́ tí ìgbéyàwó wọn pé ọdún mẹ́tàlélógún, òun àti Vieve jẹun tán nílé, wọ́n sì pinnu pé àwọn máa dá ilé iṣẹ́ tiwọn sílẹ̀. Wọ́n fi ilé tí wọ́n ń gbé dúró fún owó yíyá, wọ́n sì yọ 4,000 dọ́là nínú owó tí wọ́n ti fi pamọ́. Ẹ rò ó wò o. Bí ọ̀rọ̀ yìí bá bàjẹ́, ìta ni àwọn ọmọ máa sùn.

Ta ni ọ̀gá níbẹ̀?

Orúkọ tí wọ́n sọ ilé iṣẹ́ náà ni W. L. Gore & Associates. Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yẹn, alájọṣe ló túmọ̀ sí. Kì í ṣe ẹ̀ṣọ́ lásán. Láti ọjọ́ yẹn títí dòní, wọn kì í pe ẹnikẹ́ni ní òṣìṣẹ́ tàbí ọ̀gá níbẹ̀. Alájọṣe ni gbogbo wọn.

Ọdún àkọ́kọ́ le. Owó oṣù ò sí fún àwọn kan. Oúnjẹ àti ibi ìsùn nílé Bill ni wọ́n gbà dípò owó. Ìgbà kan wà tí èèyàn mọ́kànlá ń gbé, tí wọ́n sì ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ òrùlé kan náà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Vieve ń jọ́ ìyẹ̀fun PTFE bí ẹní ń jọ́ ẹ̀lùbọ́, ni tẹlifóònù bá dún. Iléeṣẹ́ omi ìlú Denver ló pè, wọ́n fẹ́ ra wáyà, wọ́n sì ní ìbéèrè. Bill ò sí nílé, ó jáde lọ jẹ́ iṣẹ́ kan. Ẹni tó pè ní kí wọ́n fún òun ní ẹni tó ń bójú tó ọjà náà. Vieve ní ó ti jáde. Ó ní kí wọ́n fún òun ní ọ̀gá àwọn tó ń tajà. Vieve ní ìyẹn náà ti jáde. Ó wá béèrè ààrẹ ilé iṣẹ́. Vieve ní ààrẹ náà ti jáde. Inú bí ọkùnrin yẹn gan-an, pé irú ilé iṣẹ́ wo leléyìí. Kò mọ̀ pé ẹnì kan ṣoṣo ni gbogbo ọ̀gá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta! Ṣùgbọ́n wọ́n fọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́ tù ú. Ọjà tí wọ́n rà lọ́wọ́ wọn tó 100,000 dọ́là. Owó yẹn ló fà wọ́n yọ. Àwa ò lè ṣe ká má rẹ́rìn-ín sí i, ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó wà nínú ẹ̀: ẹni tó pè ń wá oyè, bẹ́ẹ̀ ohun tó nílò ni èèyàn tó máa dá a lóhùn.

Bí àwọ̀n náà ṣe ń ṣiṣẹ́

Bí ilé iṣẹ́ ṣe ń dàgbà, Bill ò gbà kí àkàbà wọlé. Bó ṣe tò ó rèé. Ẹnikẹ́ni lè lọ bá ẹnikẹ́ni ní tààràtà, láìgba iyè méjì. Ẹni tó ń ṣe wáyà lè rìn lọ bá ẹni tó ń tà á, ẹni tó ń tà á lè lọ bá onímọ̀ kẹ́mísírì. Kò sẹ́ni tí wọ́n fi joyè olórí. Ẹni tí àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ bá ń tẹ̀ lé torí pé ó mọ iṣẹ́ náà, òun ni aṣáájú níbi iṣẹ́ yẹn. Lọ́la, níbi iṣẹ́ míì, ẹlòmíì lè ṣáájú, kí òun náà sì tẹ̀ lé e. Ẹni tuntun tó bá dé á ní onígbọ̀wọ́ kan. Onígbọ̀wọ́ kì í ṣe ọ̀gá. Ó ń mú un mọ ilé ni, ó ń wò ó bóyá iṣẹ́ náà bá a lára mu. Nígbà tó bá kan owó, àwọn tó jọ ń ṣiṣẹ́ ló máa sọ bí iṣẹ́ olúkúlùkù ti ṣe wúlò tó. Wọ́n sì ń pín nínú èrè, wọ́n ń ní ìpín nínú ilé iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀.

Ẹni tó bá ti bá wọn ṣe àáró lóko rí, ohun tí Bill ń wá kò ní ṣàjèjì sí i.

Ìlànà mẹ́rin ló fi dè é kó má bàa di ìdàrúdàpọ̀. Èkíní, kí olúkúlùkù máa ṣe ohun tó tọ́ sí ẹlòmíì. Èkejì, kó ní òmìnira láti dàgbà nínú iṣẹ́, kó sì fàyè gba ẹlòmíì láti dàgbà. Ẹ̀kẹta, kò sẹ́ni tó ń pàṣẹ iṣẹ́ fúnni. Ìwọ lo máa fẹnu ara ẹ ṣèlérí, ṣùgbọ́n tó o bá ti ṣèlérí, o gbọ́dọ̀ mú un ṣẹ.

Ẹ̀kẹrin ló dùn mọ́ wa jù, ẹ̀yin ará Àjàṣẹ́ tẹ́ ẹ mọ ọ̀sà sì máa mọ̀ ọ́n kíá. Bill ní ilé iṣẹ́ dà bí ọkọ̀ ojú omi tí gbogbo wa jọ wà nínú ẹ̀. Bí èèyàn bá gbẹ́ ihò sí ara ọkọ̀ náà lókè omi, kò sí wàhálà, a máa dí i, a máa kọ́gbọ́n. Ṣùgbọ́n bó bá gbẹ́ ihò sísàlẹ̀ ibi tí omi dé, gbogbo wa ló máa rì. Torí náà, dán ohun tó wù ẹ́ wò lókè omi, má béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Nísàlẹ̀ omi ńkọ́? Kọ́kọ́ lọ bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ sọ̀rọ̀ ná. Ẹ rí i pé kò fòfin de àṣìṣe. Irú àṣìṣe tí ẹnì kan ò gbọdọ̀ dá ṣe ló yà sọ́tọ̀.

Òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé kan

Ní 1965, Bill ń rìn káàkiri ilé iṣẹ́ lówùúrọ̀ ọjọ́ Ajé kan, bó ti máa ń ṣe. Ṣàdédé ló rí i pé òun ò mọ gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ mọ́. Wọ́n ti ń lọ sí igba èèyàn. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún. Ó mọ̀ pé níbi tí èèyàn ò bá ti mọ ara wọn, àwọ̀n á já, ẹnu á yí padà: àwọn tó ti ń sọ pé àwa la pinnu á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé wọ́n ló pinnu.

Ohun tó ṣe ya àwọn olówó lẹ́nu. Ó ní ilé iṣẹ́ kan ò gbọdọ̀ ju nǹkan bí 150 sí 200 èèyàn lọ. Bó bá ti fẹ́ kọjá bẹ́ẹ̀, kí wọ́n kọ́ òmíràn. Wọ́n máa ń sọ pé bí mọ́tò bá ti pọ̀ débi tí wọ́n ń gbé e sórí koríko, ó ti tó àsìkò láti kọ́ ilé tuntun nìyẹn. Inú ilé kọ̀ọ̀kan, àwọn tó ń ṣèwádìí, àwọn tó ń ṣe ọjà àti àwọn tó ń tà á jọ wà lábẹ́ òrùlé kan. Owó ló ń ná wọn o, torí ẹ̀rọ kan náà ni wọ́n á rà fún ibi méjì tàbí mẹ́ta. Bill gbà láti san owó yẹn.

Èso àwọ̀n

Ṣé ó so èso? Ó so. Nígbà tí àwọn èèyàn gúnlẹ̀ sórí òṣùpá ní 1969, wáyà Gore wà lára ohun tí wọ́n kó lọ. Ní October ọdún yẹn kan náà, Bob, tó ti di onímọ̀ ní tiẹ̀, ń fa ọ̀pá PTFE gbígbóná díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń já. Ó sú u, ó sì fà á lẹ́ẹ̀kan náà tagbáratagbára. Dípò kó já, ńṣe ló gùn lọ gbọọrọ, inú ẹ̀ sì kún fún ihò tín-ín-tín-ín tí afẹ́fẹ́ wà nínú wọn. Èéfín òógùn lè gba inú ẹ̀ jáde, omi òjò ò sì lè wọlé. Láti ibẹ̀ ni aṣọ Gore-Tex ti dé ọjà ní 1976.

Bill mú ọ̀pá kékeré tí wọ́n fi ike tuntun yìí ṣe sápò lọ́jọ́ kan, nígbà tí òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó jẹ́ dókítà oníṣẹ́ abẹ lọ ń ṣeré lórí yìnyín. Dókítà béèrè pé kí nìyẹn, ó gbà á, ó lọ fi ṣe òpó ẹ̀jẹ̀ fún ẹlẹ́dẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ó pè pé ó ṣiṣẹ́. Bill ò pe ìpàdé ńlá kankan. Ó kàn ní kí dókítà náà lọ bá àwọn alájọṣe tó wà ní ìlú Flagstaff, ní Arizona, kí wọ́n jọ yanjú ẹ̀. Báyìí ni iṣẹ́ òpó ẹ̀jẹ̀ àtọwọ́dá ṣe bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, èyí tí wọ́n ti fi tọ́jú àìmọye aláìsàn.

Ní 1976 kan náà, ọ̀dọ́kùnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde níléèwé gíga wá síbẹ̀, ó wọ kóòtù, ó so táì, ó ní òun ti dé. Bill kí i káàbọ̀, ó ní kó lọ wò yíká, kó wá ohun tó máa ṣe. Ọkùnrin náà rò pé ẹnì kan máa fún òun ní àga àti tábìlì. Kò sí. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ó wọ aṣọ iṣẹ́, ó ń ki aṣọ sẹ́nu ẹ̀rọ. Nígbà tó yá, òun ló ń bójú tó ìpolówó ọjà aṣọ yẹn.

Ibi tó ti le

A ò ní purọ́ fún yín pé ọ̀nà yìí ò ní ẹ̀gún. Kì í ṣe gbogbo èèyàn ló lè fara dà á. Ẹni tó fẹ́ kí wọ́n máa sọ ohun tó máa ṣe fún un láràárọ̀, kì í pẹ́ tó fi ń kúrò. Ìpinnu máa ń falẹ̀, torí ó dìgbà tí àwọn èèyàn bá gbà. Òfin ìlú pàápàá ò gbà kí ilé iṣẹ́ wà láìní ààrẹ, nítorí náà Bill jẹ́ ààrẹ, Vieve jẹ́ akọ̀wé àti akápò, kí Bob tó gba ipò ààrẹ ní 1976. Ṣé ẹnì kan ò ní sọ pé bàbá ló gbé e fọ́mọ? Ọ̀rọ̀ yẹn ò ṣòfò. Ìdílé Gore àti àwọn alájọṣe ló ni ilé iṣẹ́ náà, kò sì sẹ́ni tó máa sọ pé ohùn onílé àti ohùn àlejò dọ́gba pátápátá. Àmọ́ lẹ́yìn ikú Bill, ní 2005, nígbà tí wọ́n ń wá ọ̀gá àgbà tuntun, wọ́n béèrè lọ́wọ́ àwọn alájọṣe fúnra wọn pé ta ni wọ́n máa fẹ́ tẹ̀ lé. Obìnrin kan, Terri Kelly, ni orúkọ rẹ̀ jáde. Ó ti ń bá wọn ṣiṣẹ́ tipẹ́. Kò sì lálàá pé òun ni wọ́n máa mú.

Òkè ló ti bẹ̀rẹ̀, òkè ló parí sí

Bill Gore ò fẹ̀yìn òkè sílẹ̀ títí ó fi darúgbó. Ní July 26, 1986, ó ń rìn lórí àwọn òkè Wind River ní ìpínlẹ̀ Wyoming, ni àìsàn ọkàn bá gbé e lójijì. Ọmọ ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin ni. Vieve gbé láyé títí di 2005, Bob kú ní 2020. Ilé iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀ ilé ti ní àwọn alájọṣe tó ju 10,000 lọ báyìí, káàkiri ayé.

Kí ni tiwa níbẹ̀? Gbogbo wa la wà nínú nǹkan kan: ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ṣọ́ọ̀bù, iléèwé, ọ́fíìsì. Ẹ jẹ́ ká bi ara wa léèrè pé, nínú ẹgbẹ́ tiwa, ibo ni òótọ́ ọ̀rọ̀ ti ń jáde? Ṣé níbi ìpàdé ni, àbí lórí ọ̀kadà nígbà tí a ń lọ sílé? Bó bá jẹ́ orí ọ̀kadà ni, a jẹ́ pé àkàbà wa ti dí ọ̀nà nìyẹn. Kò dìgbà tí a bá lé gbogbo ọ̀gá dànù. Ó tó ká jẹ́ kí ẹni tó mọ iṣẹ́ sọ̀rọ̀, ká jẹ́ kí ẹ̀ka kan lè kan ilẹ̀kùn ẹ̀ka kejì, ká sì fẹnu kò lórí ibi tí omi dé lára ọkọ̀ wa. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà ò wọ kèrègbè.